Ìlú Tí Mo Kọ́ Sórí Òṣùpá

Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn lélẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí títí di òní, bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà nílé wa ní Ṣakí, ẹlòmíràn ni wọ́n ń yìn. Wọ́n á ní ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì wà nílé ìwé ló ti fi búlọ́ọ̀kù ìṣeré kọ́ odidi ìlú sórí òṣùpá, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé orí rẹ̀ pé. Èmi náà á wà níbẹ̀, màá máa bu ọbẹ̀ fún àlejò. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti gbọ́ ọ níbi òkú, mo tilẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí èmi fúnra mi bí.

Àwọn búlọ́ọ̀kù náà kò yẹ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Òkìríkà ni bàbá mi ń tà. Ó máa ń gba ẹnubodè kọjá lọ sí ìhà Kùtọ̀nù, á ra aṣọ àlòkù òyìnbó ní bẹ́ẹ̀lì, á sì fi lọ́ọ̀rì gbé e wálé. Ẹni tó bá mọ òwò yẹn á mọ̀ pé wọn kì í tú bẹ́ẹ̀lì wò kí wọ́n tó rà á. Bí ó bá ti di tìrẹ, ohun tó bá jáde nínú rẹ̀ lo máa gbà. Bàbá mi ti rí bẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ kìkì ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní ìkejì rí, ó sì ti rí èyí tó kún fún aṣọ òtútù tí kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ní Òkè-Ògùn láì dákú. Ṣùgbọ́n irú èyí tó dé lọ́dún tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, kò rí i rí. Lọ́ọ̀rì já àwọn àpò ńláńlá sílẹ̀ níwájú ilé wa, ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kan, búlọ́ọ̀kù rọ́bà ló ya sílẹ̀ wàràwàrà, irú èyí tí àwọn ọmọ òyìnbó máa ń tò mọ́ra wọn. Pupa wà níbẹ̀, funfun wà, búlúù wà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni aláwọ̀ eérú. Ó la àpò kejì, bákan náà ni. Ó la gbogbo wọn. Nígbà tó la èyí tó kẹ́yìn tán, ó jókòó lé e lórí, ìyá mi sì sáré lọ bu omi tútù wá.

Kò sẹ́ni tó rà á. Ọmọ Ṣakí tó bá fẹ́ ṣeré nígbà náà, agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ti tó o. Bàbá mi kó àwọn àpò náà lọ sínú ilé tó ń kọ́ lẹ́yìn ilé wa, èyí tó ti kan páànù sí ṣùgbọ́n tí kò tíì ní ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Ó ní òun ò fẹ́ fojú kàn wọ́n mọ́.

Èmi ni mo fojú kàn wọ́n. Ìyá mi máa ń ṣe èlùbọ́ tà, Ìyá Elélùbọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tí ọyẹ́ bá dé, a ó bọ iṣu, a ó sá a sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé kó di gbodo. Tó bá gbẹ tán, inú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn yẹn la máa ń kó o sí kó tó di pé a lọ̀ ọ́. Mo lọ kó gbodo lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sinmi sórí àpò, mo mú búlọ́ọ̀kù méjì, mo tẹ ọ̀kan mọ́ èkejì. Ó wọlé ṣinṣin. Mo fà á, kò fẹ́ já. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé wa, tó ń jò, tó ń mì, tó ń yẹ̀ lórí ìdí rẹ̀, n kò tíì rí ohun tó bá ara rẹ̀ mu bẹ́ẹ̀ yẹn rí. Ìyá mi pè mí títí kó tó di pé mo dáhùn.

Ní àsìkò yẹn, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán níwájú mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Tí wọ́n bá ti kí ìrun Alásárì tán, àwọn bàbá á jókòó sórí ẹní, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni òyìnbó fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá? Rédíò ti sọ ọ́ tipẹ́, olùkọ́ wa náà sọ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá mi ní irọ́ gbuu ni. Ó ní àwọn tó lè di búlọ́ọ̀kù ìṣeré sínú bẹ́ẹ̀lì aṣọ, irọ́ wo ni wọn ò lè pa? Alfa tó ń kọ́ wa ní kéú ní bí Ọlọ́run bá yọ̀ǹda, ó lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n á pariwo títí Màgàrúbà á fi dé. Èmi tí mò ń gbé omi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lọ́kàn mi. Òjò ti tètè lọ lọ́dún náà, kànga ń gbẹ, a máa ń tò sídìí kànga kan ṣoṣo títí oòrùn á fi yọ sí wa lórí. Mo ń bi ara mi pé lọ́jọ́ tí omi bá tán pátápátá, tí gbogbo Ṣakí bá kó ẹrù wọn lọ sórí òṣùpá, báwo ni wọn yóò ṣe máa gbé níbẹ̀?

Nítorí èmi mọ àwọn èèyàn mi. Wọn ò ní í lọ sínú ihò kan kí wọ́n máa gbé bí òyìnbó, kóńkó jabele, kálukú nínú yàrá tirẹ̀. Wọ́n á kó ewúrẹ́ dání. Àwọn ìyálé á jà lórí ta ni yóò jókòó síwájú lọ́ọ̀rì. Bí wọ́n bá sì ti balẹ̀ báyìí, agboolé ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

Torí náà, agboolé ni mo kọ́kọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ́ agboolé, mo kọ́ àpáta, nítorí Ṣakí tí kò ní àpáta kì í ṣe Ṣakí. Gbogbo búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ eérú ni mo fi tò ó ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà mi. Mo wá kọ́ àwọn agboolé sí ẹsẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá wọn. Olùkọ́ wa ti sọ pé kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá, nítorí náà mo rìn káàkiri àdúgbò, mo ṣa gíláàsì àtùpà tó ti sán, mo fi ṣe ọ̀nà tí àwọn èèyàn máa ń gbà láti agboolé kan sí òmíràn. Láílọ́ọ̀nù ni mo nà sórí igi ìgbálẹ̀ láti fi bo oko iṣu, kí ebè má baà gbẹ. Mo kọ́ lọ́ọ̀rì tó ní iná nídìí, tí ẹrù rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo kọ́ màlúù funfun àti Fúlàní tó ń dà wọ́n, tó dé agolo sórí nítorí èémí. Olùkọ́ wa tún ti sọ pé gbogbo nǹkan ló fúyẹ́ níbẹ̀, nítorí náà mo fi òwú so ẹsẹ̀ màlúù kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó má baà fò lọ. Mo sá gbodo sórí àpáta, mo sì fi òkúta tẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá mi rí ìyẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Iṣẹ́ èlùbọ́ ò ní í dín kù níbi kankan nígbà náà." Ìyẹn nìkan ló sọ, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Gbogbo pálọ̀ ilé náà ló gbà, láti ògiri dé ògiri. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo fi sílẹ̀, ìdúró ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gbà á kọjá. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ọyẹ́ mìíràn tún padà wá, mo ṣì ń kọ́ ọ. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀, n kò gbá a kúrò, ó mú un dà bí ilẹ̀ òṣùpá tó wà nínú ìwé wa. Mo máa ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kí n tó pọnmi, mo máa ń lọ tí mo bá ti ilé ìwé dé. Wọ́n nà mí nítorí ọbẹ̀ tó jóná. Mi ò kábàámọ̀ ọbẹ̀ yẹn títí dòní.

Ayé ni mo ṣe gbẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù àlòkù kan ni, mo fi búlúù ìfọṣọ kùn ún, mo fi ẹfun ya ìkùukùu sí i lára, mo sì gbé e kọ́ sórí igi òrùlé. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni mo gbé e kọ́ sí, nítorí igi ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi tó. Bí o bá dúró láàárín ìlú náà tí o gbójú sókè, ayé lo máa rí tó ń rọ̀ dirodiro, tó kéré, tó sì jìnnà.

Mọ́sáláṣí ló wá dà mí láàmú. Mo kọ́ ọ tán, pẹ̀lú ilé gogoro rẹ̀ àti àwọn èèyàn kéékèèké tó tò sẹ́yìn Lèmọ́mù, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Ní Ṣakí, ìlà-oòrùn ni à ń kọjú sí, torí ibẹ̀ ni Mẹ́kà wà. Ọmọ tí kò tíì lè fọ ìdí ara rẹ̀ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìlà-oòrùn lórí òṣùpá? Mo lọ bá Alfa. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fọ wàláà àwọn ọmọ kéú.

"Alfa," mo ní, "ẹni tó bá wà lórí òṣùpá, ibo ló máa kọjú sí tó bá fẹ́ kírun?"

Ó wò mí títí. "Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Lọ kó wàláà ẹ."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò pẹ́ púpọ̀ sí i, ó ké sí mi lójú ọ̀nà. Ó ní, "Ìbéèrè ẹ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Inú ayé ni Kábà wà. Ẹni tó bá ti kúrò láyé, ayé náà ni kó kọjú sí, Ọlọ́run á gbà á." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ kàn mí lórí. Mo sáré délé, mo yí mọ́sáláṣí náà sí ìhà ibi tí bọ́ọ̀lù wà, mo sì gbé orí àwọn èèyàn kéékèèké náà sókè kí wọ́n lè máa wò ó. Inú mi dùn dé ibi tí n kò lè jẹun.

Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi kọ́kọ́ wá, àwọn ìyá ọlọ́jà tẹ̀ lé wọn, àwọn dírẹ́bà tó ń ná Kìṣí àti Ìràwọ̀ náà yà. Ọ̀rọ̀ náà tẹnu dírẹ́bà kan dé etí Alájì kan, ọmọ Ìṣẹ́yìn, agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé ńláńlá n'Íbàdàn. Ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí bàbá mi. Ó ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i, àti pé bó bá rí bí wọ́n ṣe wí, ọmọ tó kọ́ ọ yóò bá òun lọ sí Ìbàdàn. Òun ni yóò rán an nílé ìwé títí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé, tí ọpọlọ rẹ̀ bá sì gbé e, òun á rán an lọ sí òkè òkun.

Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: n kò tíì fẹ́ ohunkóhun bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, n kò sì tíì fẹ́ ohunkóhun bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, ìbáà ṣe ọkọ tàbí ọmọ.

Bàbá mi pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi díẹ̀ jù mí lọ, ìyá kan náà ló bí wa. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bọ́ọ̀lù gbígbá ló mọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé yẹn rí ju ìgbà tó bá ń wá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó sọnù lọ, èyí tí mo ti sọ di ayé.

"Ìwọ ni o máa dúró níwájú Alájì," bàbá mi sọ fún un. Ó wá kọjú sí mi. "Kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Má fi nǹkan kan pamọ́."

Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó ní, "Mo ní kí o kọ́ ọ. Ṣé ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń kó lọ síbi iṣẹ́ ilé kíkọ́? Ẹnìkan nínú yín ń lọ, ṣé ìyẹn ò tó ọ dúpẹ́ ni?"

Mo wo ìyá mi. Ó ń ku èlùbọ́, ó ń ku èyí tó ti kù tán.

Mo kọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo mú un rìn gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ náà, mo sọ ìdí tí mo fi so màlúù mọ́lẹ̀ fún un, mo sọ ti gíláàsì àtùpà, mo sọ ti lọ́ọ̀rì. Ó ń tún un sọ tẹ̀ lé mi bí ẹni ń ké kéú. Ó máa ń bi mí pé, "Ṣé ó kù?" Ojú máa ń tì í, kì í lè wò mí. Mo kọ́ ọ ní ohun gbogbo àyàfi ẹyọ kan. N kò sọ ti mọ́sáláṣí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mo sì tún lè ṣe é lónìí. Alájì ni Alájì, ó ti lọ sí Mẹ́kà, mo mọ̀ pé mọ́sáláṣí ni ojú rẹ̀ yóò dúró lé, mo sì fẹ́ kí ó béèrè.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Alájì dé, lẹ́yìn ìrun. Ọkùnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ó sì ní ohùn ìrẹ̀lẹ̀ tí n kò retí. Bàbá mi pe Alfa kí ó wá ṣàdúà fún àlejò. Gbogbo wọn wọ inú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn náà, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtẹ tí mo gbé ife omi lé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé, ó sì ṣe dáadáa. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu rẹ̀, ó dùn ún gbọ́. Nígbà tí Alájì rí òkúta tó tẹ gbodo mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi yọ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ dé ibi tí mo ti ń dúró dè é.

"Ọmọ mi, o káre," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí mọ́sáláṣí yìí kọjú sí ìwọ̀-oòrùn?"

Àwọn ọkùnrin tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi wo mọ́sáláṣí náà, ó tún wo bàbá mi. Ó wá ní, "Àṣìṣe ni, sà." Ó na ọwọ́, ó gbé mọ́sáláṣí náà, ó yí i síhà ìlà-oòrùn. Àwọn èèyàn kéékèèké náà wó lulẹ̀, Lèmọ́mù àti gbogbo wọn, mọ́sáláṣí náà sì kọ ẹ̀yìn sí ayé, ó kọjú sí ògiri.

N kò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe àṣìṣe," mo ní. "Orí òṣùpá ni wọ́n wà, sà. Mẹ́kà ò sí lórí òṣùpá. Ayé ló wà, ayé sì nìyẹn." Mo fi ẹnu júwe bọ́ọ̀lù náà, nítorí àtẹ wà lọ́wọ́ mi.

Alájì gbójú sókè wo bọ́ọ̀lù náà. Ó wo mọ́sáláṣí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára. "Allahu Akbar," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ, sà."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjà ni, èyí tó máa ń rín tí oníbàárà bá rí ihò lára aṣọ. "Ẹ má dá a lóhùn, Alájì. Àbúrò rẹ̀ ni. Òun ló ń bá a ṣa búlọ́ọ̀kù, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Alájì ò tíì gbójú kúrò lára mi. Ó wá yíjú sí Alfa. "Alfa, ṣé ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà nínú ẹ̀sìn?"

"Ó tọ̀nà," Alfa wí.

Ọkàn mi fò sókè. Mo wò ó, mo rí ọwọ́ tó fi kàn mí lórí, mo ń retí kó wí i. Kò wò mí rárá. Nílé wa ló ti ń jẹun lójoojúmọ́ nínú oṣù ààwẹ̀, aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, inú bẹ́ẹ̀lì bàbá mi ló ti jáde.

"Ọmọkùnrin yìí ló wá bi mí," ó ní. "Ìbéèrè rẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn."

Ó mú ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi, ó gbé e fún ẹlòmíràn lójú mi. Nígbà tó kú, tí gbogbo ilé wa lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo ní ara mi ò yá.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Alájì yin ẹ̀gbọ́n mi sí i. Ó ní ẹ ò rí i bí ọmọ náà ṣe ní ẹ̀kọ́, ó mọ ìdáhùn ṣùgbọ́n kò fẹ́ bá àgbàlagbà jiyàn, ó gbà pé àṣìṣe ni òun ṣe. Ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lòun ń wá. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ìlú náà, òun ń padà bọ̀ kí oṣù tó kú pẹ̀lú ayàwòrán, kí òun tó gbé ọmọ náà lọ. Ó mu omi mi, ó dá ife padà sórí àtẹ, ó sì ní Ọlọ́run á fún èmi náà ní ọkọ rere.

Mo sunkún fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Mo sọ fún ara mi pé wọn ò mọ̀ ni. Bàbá mi kì í wọ inú ilé yẹn. Ìyá mi, ìdí iná ló máa ń wà. Bóyá lóòótọ́ ni wọ́n rò pé eré àwa méjèèjì ni, pé ẹnikẹ́ni nínú wa ló lè ṣe é, tí wọ́n sì mú ọkùnrin. Alfa ń bẹ̀rù, n kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ò lè to agboolé kan ṣoṣo, kò sí bí kò ṣe ní í pe Alájì kó sọ òótọ́ fún un. Mo gba ìyẹn gbọ́ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ìyókù fi ń dùn mí.

Mo tú ìlú náà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi àpáta, mo tú u láti òkè wá sílẹ̀. Mo tú agboolé, mo tú lọ́ọ̀rì, mo já òwú ẹsẹ̀ màlúù, mo kó láílọ́ọ̀nù kúrò lórí oko. Mọ́sáláṣí ni mo tú gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo parí, òkìtì búlọ́ọ̀kù ló wà láàárín pálọ̀, bí ọjọ́ tí lọ́ọ̀rì já wọn sílẹ̀. Mo lọ pe bàbá mi, mo ní kó wá wo nǹkan. Ìyá mi tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi náà sì wá.

Ẹ̀gbọ́n mi rí òkìtì náà, ó gbé ọwọ́ lé orí. "O ti pa mí," ó ní. "O ti pa mí o."

Mo ní, "Ẹni tó kọ́ ọ, kó tún un kọ́."

Mo dúró, mo ká ọwọ́ gbera. Ìyà ni mo ń retí, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyà, mo ń retí òótọ́.

Bàbá mi kò jágbe. Ó lóṣòó sídìí òkìtì náà, ó mú búlọ́ọ̀kù kan, ó ń yí i láàárín ìka rẹ̀ méjì, bó ṣe máa ń yẹ etí aṣọ wò.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?" ó ní.

Ó fi ọwọ́ júwe ibi fèrèsé.

"Tí mo bá ti ìrun Súbúhì dé, ibi fèrèsé yẹn ni mo máa ń dúró sí. Mo máa ń rí ẹ. Mo rí ẹ lọ́jọ́ tí ò ń so ẹsẹ̀ màlúù. Mi ò wọlé, kí n má baà dà ẹ́ láàmú." Ohùn rẹ̀ tutù, n kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí ohun tó dára tó o. Mi ò rò pé mo lè bí ẹni tó lè ṣe irú ẹ̀."

Ìyá mi fi etí ìró nu ojú. "Gbogbo wa la mọ̀," ó ní. "Ta ni ò mọ̀?"

Bàbá mi ju búlọ́ọ̀kù náà padà sórí òkìtì, ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Ó yá, tún un kọ́. Kí Alájì tó dé."

Kò tíì yìn mí rí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ló sọ yẹn, ẹnu kan náà ló sì fi gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kígbe. Mo fẹ́ kó gbogbo búlọ́ọ̀kù yẹn dà sí kànga. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa ni mí, bí bàbá ẹni bá sì yin ẹni, èèyàn kì í wà ní òró. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá."